Fídíò Tó Gbé Mi Lọ Síbi Tí Mi Ò Dé

Ojú mi ni. Ẹni tó bá wo fídíò náà tó ní kì í ṣe ojú mi ló wà níbẹ̀, irọ́ ló ń pa. Imú mi ni, àgbọ̀n mi ni, bí mo ṣe máa ń dúró tí mo máa ń ti ìdí sẹ́yìn díẹ̀ náà ló wà níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló pé. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni pé mi ò lọ síbẹ̀.

Olóṣèlú kan ló wá polongo ní pápá kan lójú ọ̀nà Lánlátẹ̀. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé ó ti kú, àwọn èèyàn rẹ̀ sì ṣì ń sunkún. Ó pín ẹ̀rọ ìlọta fún àwọn obìnrin, ó kí àwọn àgbààgbà lọ́wọ́, wọ́n jẹ, wọ́n mu, ni ẹnìkan nínú èrò bá yìnbọn fún un. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ẹ̀mí ti bọ́. Mi ò bá a ṣe ẹgbẹ́, mi ò sì ní in lọ́kàn láti dìbò fún un, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbọ́, àyà mi já. Ikú ìbọn kì í ṣe ikú tí à ń fẹ́ fún ọmọ ẹnikẹ́ni.

Èkejì mi ló lọ síbẹ̀. Ìbejì ni wá, ìbejì tí èèyàn ò lè yà sọ́tọ̀, a sì ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún báyìí tí ìrísí wa ò tíì já ara wọn sílẹ̀. Èmi kọ́ṣẹ́ tíṣà, mo tẹ̀dó sí Èrúwà, ibẹ̀ náà ni ọkọ mi kú sí tí mo sì ń dá gbé. Òun dúró sí Ìgbó-Ọrà níbi tí wọ́n bí wa sí, ó ń yan gààrí, ó sì fẹ́ àfáà kan tó ń kọ́ ọmọ ní kéú. Torí pé wọ́n pe ọkọ rẹ̀ láti wá ṣàdúà níbi ìpolongo yẹn lòun náà ṣe tẹ̀lé e, pẹ̀lú ìrètí pé ẹ̀rọ ìlọta kan á kàn án. Kò kàn án.

Fídíò náà dé orí fóònù wa kí wọ́n tó sin òkú. Ọkùnrin kan ní Ìgbó-Ọrà ló yà á, ẹni tí gbogbo Ìbàràpá ń pè tí wọ́n bá fẹ́ ṣèyàwó tàbí òkú àgbà, torí pé òun nìkan ló ń fi kámẹ́rà méjì ṣiṣẹ́. Ó tò ó dáadáa. Ó fi orin arò sí i, ó sì jẹ́ kí ẹyẹlé funfun kan fò kọjá lójú olóògbé. Lẹ́yìn ẹyẹlé yìí lọ̀rọ̀ wà. Ẹ ó rí ọkùnrin náà tó ń kí àwọn èèyàn. Ní apá ọ̀tún rẹ̀, ẹ ó rí obìnrin kan tó wé gèlè aláwọ̀ ìyeyè, tó tú gèlè náà, tó tún un wé. Ìbọn á dún. Kámẹ́rà kejì á wá fi ibẹ̀ hàn láti ìhà kejì. Ẹ ó rí ọkùnrin náà, ẹ ó sì rí obìnrin kan ní apá òsì rẹ̀, ojú kan náà, gèlè kan náà, tí òun náà tú gèlè rẹ̀, tó tún un wé. Ìbọn á tún dún.

Tó bá jẹ́ ìlú mìíràn ni, wọ́n á ní obìnrin kan náà ni. Àwa kọ́. Ní ọ̀dọ̀ wa, tí èèyàn bá rí ojú kan náà níbi méjì, kò ní nu ojú rẹ̀ láti tún un wò. Á kàn béèrè èwo ni Táyé nínú wọn ni. Ẹni tí kò ní èkejì là ń bi pé kí ló dé. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé láàárín ọjọ́ mélòó kan, kò sí ẹni tó tún ń béèrè bóyá obìnrin méjì ló wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni ẹni tó rán wọn.

Mo gbọ́ oríṣiríṣi. Ní ilé ìlọta lẹ́yìn ilé mi, wọ́n ní gèlè títú yẹn ni àmì: èkínní tú u, èkejì tú u, ni wọ́n bá yìnbọn. Awakọ̀ kan tó ń ná Ìbàdàn sọ fún gbogbo ọkọ̀ pé olóṣèlú náà kò kú rárá, pé èkejì rẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi pamọ́ láti kékeré ló kú, òun gan-an wà ní òkè òkun tó ń jẹ ìgbádùn. Ọ̀kan nínú àwa tíṣà, ẹni tó ń kọ́ni ní físíìsì, ya ọ̀rọ̀ náà sójú pátákó pẹ̀lú ọfà: ọta gba ọ̀tún wọlé, ọta gba òsì wọlé, ìbọn méjì nìyẹn. Àwọn ọmọ dà á kọ. Ẹlòmíì tún ṣàkíyèsí pé nígbà tí kámẹ́rà kejì mú ọkùnrin náà, ọwọ́ òsì ló fi ń kí àwọn àgbààgbà. Wọ́n ní ẹ ò rí i pé wọ́n ti sà sí i kó tó dé pápá, iyè rẹ̀ ti rá, àbí ta ni orí rẹ̀ pé tí yóò na ọwọ́ òsì sí bàbá arúgbó? Èmi náà mirí sí èyí. Mo ní òṣèlú ò dáa.

Ẹ̀rín ni mo ń fi gbogbo rẹ̀ rín títí ó fi kàn mí. Obìnrin kan tí mo ń kọ́ ọmọ rẹ̀ kí mi lójú ọ̀nà, ó dúró, ó wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń bá ọlọ́fọ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní, “Màmá Tíṣà, ẹ̀yin náà lọ? A rí yín.”

Mo ní mi ò lọ. Ó ní, “Ó yé mi, mà,” ó sì yára kọjá.

Sátidé tí wọ́n yìnbọn yẹn, eyín ló dè mí mọ́lé. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú bí ẹni há àkàrà sẹ́nu. Àwọn obìnrin ìjọ wa wá kan ilẹ̀kùn nítorí ètò ìkórè. Mo gbọ́ wọn, mi ò ṣí i, nítorí pé ojú tí mo ní lọ́jọ́ náà kì í ṣe ojú tí wọ́n ń fi han ẹgbẹ́ obìnrin. Wọ́n kàn án, wọ́n pè mí, wọ́n lọ. Ìgbà tí fídíò dé, àwọn gan-an ló di ẹlẹ́rìí. Wọ́n ní àwọn dé ilé mi, mi ò sí nílé. Olóòótọ́ obìnrin ni gbogbo wọn, ìyẹn ló sì kó bá mi, torí pé kò sí ẹni tó lè sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa.

Kò pẹ́ ni wọ́n ránṣẹ́ pè mí ní tésàn. Ọ̀gá ọlọ́pàá tí mo bá níbẹ̀ kéré sí àkọ́bí mi, ó sì mọ ọmọlúwàbí. Ó fún mi ní àga, ó fún mi ní omi, ó wá gbé fídíò síwájú mi.

“Màmá, ta nìyí?”

“Èkejì mi ni.”

“Èyí tó wà lápá òsì yìí ńkọ́?”

“Ojú mi ni.”

“Ẹ ṣeun, mà. Kí lẹ wá ṣe níbẹ̀?”

“Mi ò lọ síbẹ̀.”

Ó wo fóònù, ó wò mí, ó tún wo fóònù. “Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé ojú yín ni.”

“Mo sọ bẹ́ẹ̀.”

“Ojú yín wá lọ, ẹ̀yin wà nílé?”

Mo ní bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n má bínú, pé èkejì mi ti wá lánàá, wọ́n bi í léèrè, òun fúnra rẹ̀ sì ti sọ pé àwa méjèèjì la jọ wà níbẹ̀. Ó ní àwọn ọ̀gá àwọn ń bọ̀ láti Ìbàdàn lọ́jọ́ Ajé, tí ọ̀rọ̀ wa ò bá sì yé wọn, àwọn méjèèjì tó tú gèlè ni wọn yóò kó lọ. Mo ti rí ara mi ní Ìbàdàn níwájú àwọn èèyàn tí mi ò mọ̀, tí mò ń sọ fún wọn pé ojú mi ló wá, èmi kọ́.

Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn, ó fi ẹ̀gún sọ́wọ́. Bí mo ṣe jáde ní tésàn, ọ̀kadà ni mo gùn, mi ò ná an, mo ní kó gbé mi lọ sí Ìgbó-Ọrà. Mo bá èkejì mi nídìí agbada gààrí rẹ̀, ó ń yí i, ara rẹ̀ balẹ̀ bíi pé kò ṣe nǹkan kan.

“Ìwọ lo sọ fún ọlọ́pàá pé mo wà níbẹ̀?”

“Mo rí ẹ nínú fídíò.”

“Níbẹ̀ gan-an ńkọ́, ní pápá, o fi ojú rẹ rí mi?”

“Èrò pọ̀.”

“Ṣé ọtí lo mu ni? Ìwọ ò mọ̀ bóyá mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ tàbí mi ò sí?”

Ó ń yí gààrí rẹ̀. Mo yíjú sí ọkọ rẹ̀ tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń jẹ ìrẹsì ọ̀sán, mo ní, “Àfáà, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Ẹ bá mi lọ sọ fún wọn pé ìyàwó yín nìkan lẹ mú lọ.”

Ó fara balẹ̀ gbé ìrẹsì ẹnu rẹ̀ mì kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní òun ò lè búra sí i. Ó ní ìhà ọkùnrin lòun jókòó sí, òun kì í sì í wo ìhà obìnrin lóde. Ó ní ká sọ tòótọ́, nínú ilé yìí gan-an, òun ti bá mi jà rí nítorí ọbẹ̀ tí ìyàwó òun sè.

Inú bí mi débi pé mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe mọ́. Mo fa fóònù yọ, mo tan fídíò náà, mo fẹ́ fi hàn wọ́n pé ìrìn obìnrin apá òsì yẹn kì í ṣe ìrìn tíṣà. Mo ti wò ó títí ó ti sú mi, ṣùgbọ́n olóṣèlú náà àti èmi ni mo ń wò láti ọjọ́ yìí. Kò sí ẹni tó ń wo ẹ̀yìn. Lẹ́yìn lọ́hùn-ún, lábẹ́ ìbòji, àfáà jókòó, ó ń jẹ ìrẹsì, kò mọ̀ pé kámẹ́rà ń wo òun. Mo gbójú sókè, àfáà gan-an ló tún jókòó síwájú mi tó ń jẹ ìrẹsì. Mo tún wo fóònù. Ohun kan ò bára mu láàárín àwọn méjèèjì.

“Àfáà,” mo ní, “ọwọ́ wo lẹ fi jẹun ní pápá yẹn?”

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lójú ọ̀nà ẹnu. “Irú ìbéèrè wo nìyẹn?”

Mo gbé fóònù fún un. Ó wò ó. Ó fi àwo sílẹ̀, ó fọ ọwọ́, ó nu gíláàsì ojú rẹ̀, ó tún wò ó. Ọkùnrin tí kò lè búra sórí ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í búra níbẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti já òun lẹ́nu ọmú, òsì òun ò kan oúnjẹ rí. Ó ní inú irú ìlú wo ni èèyàn ń gbé tí wọ́n ti wá ń fi fídíò ba orúkọ àfáà jẹ́ báyìí.

Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, mo wá ń wo ọwọ́. Kì í ṣe àfáà nìkan. Gbogbo pápá ló ń fi òsì jẹun. Bàbá arúgbó kan fi òsì gba obì, ẹni tó fún un náà fi òsì mú un wá. Obìnrin tó gba ẹ̀rọ ìlọta kúnlẹ̀, ó sì na òsì. Ọwọ́ òsì yìí ni mo ti fi gbogbo ìgbà tí mo fi ń ṣiṣẹ́ tíṣà bá jà, mo ti dá ọmọ padà sẹ́nu ọ̀nà nítorí pé ó fi òsì mú ìwé fún mi. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Kí wọ́n wá kó odidi àgbààgbà Ìbàràpá jọ, kí gbogbo wọn gbàgbé ẹ̀kọ́ ilé lẹ́ẹ̀kan náà, lójú kámẹ́rà? Mo padà sẹ́yìn, mo wo ti kámẹ́rà àkọ́kọ́. Ọ̀tún ni gbogbo wọn ń lò. Bí ìgbà tí èèyàn wo dígí ló rí.

“Kò sí kámẹ́rà méjì,” mo ní. “Ẹyọ kan ló wà. Ó yí i padà ni.”

Ìyẹn ò kan àfáà. Ọwọ́ tirẹ̀ ló kàn án. Kí n tó wọ bàtà, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ọlọ́kàn bíi kìnnìún ni oní-fídíò wa. Ó bá wa sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láìmikàn. Ó ní kámẹ́rà méjì lòun ní, gbogbo ayé ló mọ̀. Mo ní kó gbé ìkejì wá ká rí i. Ó ní ó wà lọ́dọ̀ alátùn-únṣe ní Ìbàdàn. Mo ní láti ìgbà wo? Ó ní kò tíì pẹ́. Mo rántí fídíò ìgbéyàwó ọmọ mi tó yà, níbi tí pásítọ̀ ti fi ọwọ́ òsì súre fún wọn, tí mo sì ti bá pásítọ̀ náà yan odì fún ìgbà pípẹ́ nítorí rẹ̀. Mo sọ èyí fún un. Ó ní bóyá ọ̀tún ń dun pásítọ̀ lọ́jọ́ náà.

Àfáà wá sún mọ́ ọn. Òun ló kọ́ ọkùnrin yìí ní kéú nígbà tó ṣì kéré, ó sì ṣì ń pè é ní ọmọ mi.

“Ọmọ mi,” ó ní, “èmi kò mọ kámẹ́rà. Ohun kan ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ. Ṣé mo fi ọwọ́ òsì jẹun?”

Oní-fídíò wo ilẹ̀. Ó wo àfáà. Ẹ̀mí mi ló wà lórí ìdáhùn rẹ̀, mo sì rí i bó ṣe ń wọ̀n ọ́n: tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, iṣẹ́ rẹ̀ là, ṣùgbọ́n yóò jẹ́ pé ó wo ojú ẹni tó kọ́ ọ ní àdúà, ó sì sọ pé ó fi òsì jẹun. Kò lè sọ ọ́. Ó dọ̀bálẹ̀.

“Ẹ forí jì mí, bàbá. Mo yí i ni.”

Ó wá tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Ó ní ẹyọ kámẹ́rà kan lòun ní láti ìbẹ̀rẹ̀. Tóun bá ń tò ó lórí kọ̀ǹpútà, òun á dá ibì kan sọ́tọ̀, òun á yí ọ̀tún rẹ̀ sí òsì, òun á sì gé ibi tí àkọlé wà kúrò, oníbàárà á ní kámẹ́rà kejì nìyẹn. Ó ní àwọn olóṣèlú gan-an ló fẹ́ràn rẹ̀ jù, torí pé ó máa ń sọ èrò di ìlọ́po méjì. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ń pè mí ní apààyàn. Ó ní òun rò pé ọ̀rọ̀ náà á tán fúnra rẹ̀.

Kí ọjọ́ Ajé tó pé, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wà ní tésàn, oní-fídíò gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ dání. Ó yí i lójú ọ̀gá ọlọ́pàá, ó tún un yí padà. Ojú mi kúrò lápá òsì, ó di ojú èkejì mi lápá ọ̀tún. Ọ̀gá náà bi èkejì mi pé kí ló dé tó tú gèlè. Ó ní ooru mú òun. Àfáà ní kí wọ́n jọ̀wọ́ kọ ti ọwọ́ òun náà sílẹ̀. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́, ó ní ká máa lọ sílé, pé òun á ṣàlàyé fún àwọn tó ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ fà ro. Ó ní ohun tó burú ni pé, tí a bá ti yọ obìnrin méjì kúrò, fídíò náà ò fi ẹni tó yìnbọn hàn rárá. Gbogbo wa ti ń wo gèlè láti ọjọ́ yìí, ẹni tó pa èèyàn sì ń rìn kiri.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Bóyá ní ìlú àwọn ẹlòmíì. Ní ilé ìlọta lẹ́yìn ilé mi, wọ́n ti ní wọ́n fún oní-fídíò ní nǹkan kó lè sọ pé kámẹ́rà kan lòun ní. Tíṣà físíìsì wa ò tíì pa ọfà rẹ̀ rẹ́. Awakọ̀ Ìbàdàn ní òun mọ ẹni tó rí olóògbé ní òkè òkun tó ń jẹ búrẹ́dì. Kò dùn mí. Ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé lọ sí Ìbàdàn ò lọ mọ́, ìyẹn ló ṣe pàtàkì lójú tèmi.

Lọ́sẹ̀ kejì mo lọ kí èkejì mi, mo fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa. Ó ń sẹ́ gààrí. Mo ní, “Ìwọ tó o fẹ́ fà mí lọ sẹ́wọ̀n, kí lo rí lọ́bẹ̀? O mọ̀ pé mi ò lọ. Kí ló dé tó o sọ pé mo wà níbẹ̀?”

Ó gbé ajọ̀ sílẹ̀.

“Nígbà tí ìbọn dún, gbogbo wọn sá,” ó ní. “Èmi nìkan ló kù. Ẹ̀gbẹ́ mi ni ọkùnrin náà ṣubú sí. Ó di ìró mi mú, ó ń wò mí, bíi pé ó fẹ́ kí n ṣe nǹkan kan. Mi ò mọ nǹkan tí mo lè ṣe. Ìwọ ni mo ń pè. Mo ń ké pè ẹ́ títí ó fi fi ìró mi sílẹ̀.”

Mo ní kò sọ èyí fún mi rí.

“Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mi ò rí oorun sùn. Ìgbà tí ọlọ́pàá wá fi fídíò hàn mí, tí mo rí ẹ níbẹ̀, mo ní, ó gbọ́ mi. Ó wá, ìbẹ̀rù ni ò jẹ́ kí n rí i. Ọjọ́ yẹn ni mo tó sùn.” Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró. “Ó wá jẹ́ pé èmi nìkan náà ni.”

Mo jókòó tì í. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, kò sí irọ́ tó wù mí pa tó kí n sọ fún un pé mo wà níbẹ̀.